Àjàlá Tí Gbogbo Ènìyàn Mọ̀, Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá rìn jìnnà, yóò rí abuké erin. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ Àjàlá. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, bí ọmọ bá jáde láàárọ̀ tí kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá rẹ̀ lè bi í bóyá Àjàlá ni ó fẹ́ dà. Bí èrò kan bá gbé àpò ńlá wọ dáńfó, kọ̀ńdọ́ tó bá fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ yóò pè é ní Àjàlá. Orúkọ náà ti kúrò ní ti ènìyàn kan ṣoṣo. Ó ti di ọ̀rọ̀ tí ń dúró fún gbogbo arìnrìn-àjò.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kan dúró níwájú kíláàsì, kí ó béèrè pé: Ta ni Àjàlá? Ìwé wo ni ó kọ? Àdúgbò wo ni ó ń gbé kí ó tó kú? Ó ṣeé ṣe kí gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àrùn tó ń ṣe ìwé ìrìn-àjò lédè Yorùbá. Àwọn Yorùbá ti rìn, wọ́n sì ń rìn. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lédè wọn nípa ìrìn náà ni kò tó nǹkan. Ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ju Ṣómólú àti Bàrígà lọ.

Arìnrìn-àjò tí ó sinmi ní Bàrígà

Ọlábísí Àjàlá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gánà. Ó kàwé ní Nàìjíríà kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ní 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn tó ju 3,000 kìlómítà lọ. Aṣọ ìbílẹ̀ ló wọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ń dúró ní ìlú dé ìlú láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà, nítorí pé ohun tí púpọ̀ nínú wọn mọ̀ nípa ilẹ̀ náà kò ju èyí tí sinimá fi hàn wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ sì padà kópa nínú ọ̀kan nínú irú sinimá bẹ́ẹ̀, White Witch Doctor, tó jáde ní 1953.

Lẹ́yìn èyí ni ó gun alùpùpù Vespa yí ayé ká. Ó dé Íńdíà, ó dé Rọ́ṣíà, ó dé Ísírẹ́lì àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá, ó dé Ọsirélíà. Ní 1963, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀, An African Abroad, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn bí àwọn ènìyàn ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọwọ́ kò sì kún mọ́. Bàrígà ni ó ń gbé nígbà tí àìsàn náà dé, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 1999. Ẹni tí ó ti bá àwọn olórí orílẹ̀-èdè jókòó wá di ará àdúgbò tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ni orúkọ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Oríkì kì í ṣe ìròyìn

Ta ló gbé orúkọ Àjàlá dé ẹnu gbogbo ayé? Orin ni. Ebenezer Obey kọrin nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, láti ọjọ́ náà ni kò sì tíì sí ayẹyẹ tí orúkọ náà kò lè wọ̀. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn olórin. Iṣẹ́ olórin ni láti yin ẹni tó yẹ ní yíyìn, Obey sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dójú àmì. Ṣùgbọ́n oríkì yàtọ̀ sí ìròyìn. Oríkì a máa sọ pé akọni la odò já. Ìwé ìrìn-àjò ni yóò sọ bí odò náà ti jìn tó, iye tí ọlọ́kọ̀ gbà, bí ẹ̀rù ṣe ba akọni náà nígbà tí ìgbì dé, àti ohun tí àwọn ará òdìkejì gbé fún un jẹ. Oríkì ń pa orúkọ mọ́. Ìròyìn ló ń pa ọ̀nà mọ́, kí ẹlòmíràn lè tọ̀ ọ́.

Ìwé Àjàlá kò sí láàárín àwọn ìwé tí wọ́n ń kà ní ilé ẹ̀kọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Kì í ṣe pé ìwé náà kò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ àwọn olórí ìjọba àti òṣèlú gba àyè púpọ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí àyè tí àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì rí gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkọ̀wé náà fẹ́ràn láti jẹ́ akọni nínú ìtàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò lè fi àbùkù wọ̀nyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì rí ìwé náà rí. Bí ẹnì kan bá túmọ̀ orí mélòó kan nínú rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ó ti ṣe ju ẹni tó kọ́ ère fún un lọ.

Kì í ṣe èdè ni kò gbà á

Àwọn kan a máa sọ pé ìtàn àròsọ àti ewì ni Yorùbá mọ̀ ọ́n kọ, pé ìwé ìrìn-àjò jẹ́ ti òyìnbó. Irọ́ ni. Samuel Àjàyí Crowther kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ nígbà tí ó bá àwọn tó gòkè odò Ọya ní 1841 lọ. Lóòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú Yorùbá ló fi wo ọ̀nà. Àna rẹ̀, T. B. Macaulay, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, tó sì jẹ́ pé Bàrígà ni ó wà lónìí. Èyí fi hàn pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Bàrígà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ fara kan ìdílé arìnrìn-àjò òǹkọ̀wé.

Ní àwọn ọdún 1920, ìwé ìròyìn Yorùbá gbòde kan ní Èkó. I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ẹni tí gbogbo olùkọ́ Yorùbá mọ̀ nítorí ìtàn Ṣẹ̀gilọlá, a tún máa kọ̀wé sí àwọn òǹkàwé rẹ̀ láti ojú ọ̀nà nígbà tí ó bá ń rin ìrìn-àjò lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Ìyẹn ni pé àwọn ará Èkó nígbà náà ń ka ìròyìn ìrìn-àjò lédè wọn nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi owó ra. D. O. Fágúnwà náà kò fi ìrìn-àjò mọ sí igbó irúnmọlẹ̀ nìkan. Ó kọ Ìrìnàjò, apá kìíní ní 1949 àti apá kejì ní 1951, nípa ìrìn tí òun fúnra rẹ̀ rìn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Àwọn tó ka Ìrìnàjò kò tó nǹkan. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àìtọ̀ ọ́ ni igbó fi bò ó.

Ohun tí àìkọ̀wé gbà lọ́wọ́ Yorùbá

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ fàájì lásán ni èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn alájàpá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú mìíràn rin ọ̀nà Gánà, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kùmásì, Támálè àti àwọn ìletò kéékèèké. Wọ́n mọ ibodè kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ baálé tí yóò gba àlejò sílé, wọ́n mọ ọjọ́ ọjà láti ìlú kan sí èkejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló di ẹrù, tí wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù padà sílé. Ní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà jáde, tí àpò oníláìnì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn fi di ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Ghana Must Go títí di òní.

Mélòó nínú àwọn alájàpá wọ̀nyẹn ló kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ lédè Yorùbá? Díẹ̀ ni, bí wọ́n bá tilẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun ló wá bi wọ́n léèrè, tí wọ́n sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdáhùn wọn. Nígbà tí alájàpá kan bá kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ó ń gbé máàpù kan lọ sí ọ̀run. Ohun tí àìkọ̀wé ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn: kì í ṣe ìtàn nìkan, ó ń gba ẹ̀rí pé a ti gbé ibẹ̀ rí.

Bákan náà ló rí lónìí, àfi pé ẹ̀rọ ti pọ̀. Ní 2009, àwọn ayàwòrán inú ẹgbẹ́ Invisible Borders wọ ọkọ̀ láti Èkó, wọ́n gba orí ilẹ̀ dé Bamako. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Ní 2024, Pẹ̀lúmi Nubi wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré gba ọ̀nà kan náà. Àwọn ènìyàn wò wọ́n lórí fóònù, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì tún pè wọ́n ní Àjàlá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́nrán orí fóònù dà bí orin: ó ń fi ojú ọ̀nà hàn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú lórí ọ̀nà. Ìwé lédè Yorùbá dà?

Àròkọ tí ń purọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ rèé. Nínú iṣẹ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àròkọ oníròyìn wà, àròkọ aṣàpèjúwe sì wà. Olùkọ́ a máa kọ ọ́ sí ojú pátákó pé: Ìrìn-àjò kan tí mo rìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọjá Òyìngbò rí á mú kálàmù, á sì fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ òfuurufú yóò gbéra, yóò sì balẹ̀. Òtútù yóò mú. Ilé gogoro yóò pọ̀. Gbogbo òyìnbó yóò ṣe dáadáa sí i. Ogójì ọmọ, ogójì Lọ́ńdọ̀nù, ìrìn-àjò kan ṣoṣo! Olùkọ́ á mú gègé pupa, á sì fún wọn ní máàkì nítorí àmì ohùn tó péye.

Ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ náà kọ́? Ó kọ́ pé ìrìn-àjò tó yẹ ní kíkọ ni èyí tí òun kò rìn, pé ọ̀nà tí òun ń tọ̀ lójoojúmọ́ kò tó ohun tí wọ́n ń kọ. Èyí lòdì sí gbòǹgbò lítíréṣọ̀. Irọ́ tí ìtàn àròsọ ń pa, ojú tó ti rí òtítọ́ ló ń pa á. Ọdẹ ni olú ẹ̀dá ìtàn Fágúnwà. Ọ̀nà ìrìn sì mọ́ ọdẹ lára.

Bọ́ọ̀sì, àpò ẹ̀yìn àti ilé èrò

Ní ilẹ̀ Jámánì, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ń jẹ́ Richard Schirrmann. A máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rìn gba inú igbó àti abúlé kọjá. Ní 1909, òjò ńlá ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, inú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n sì sùn sí lórí koríko gbígbẹ. Níbẹ̀ ni èrò ti sọ sí i lọ́kàn pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ṣófo nígbà ìsinmi lè di ilé èrò fún àwọn ọ̀dọ́. Láti inú èrò olùkọ́ yìí ni ilé èrò àwọn ọ̀dọ́ ti tàn ká ayé.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì la ilẹ̀ Bálíkánì já, láti Belgrade sí Sarajevo, láti Sarajevo sí Mostar, wọ́n sì ń sùn ní ilé èrò kéékèèké tí ibùsùn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ wà nínú yàrá kan. Ogun pín ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yugoslavia ní àwọn ọdún 1990. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ yóò kọjá ibodè lẹ́yìn ibodè, síbẹ̀ yóò máa gbọ́ èdè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fún ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sílé kò lè mọ èyí lára.

Ṣé irú rẹ̀ kò sí nítòsí ni? Ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Abidjan fi díẹ̀ ju 1,000 kìlómítà lọ, ó sì gba orílẹ̀-èdè márùn-ún kọjá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ẹni tó bá kúrò ní Bàrígà, tó wọ ọkọ̀ lọ sí Mile 2, tó sì gba Àgbádárìgì dé Sèmè, lè fojú ara rẹ̀ rí bí náírà ṣe ń di sẹ́fà, bí ọ̀kadà ṣe ń di zémidjan, bí búrẹ́dì ṣe ń gùn sí i. Ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, yóò rí mọ́sálásí ńlá tí ìrísí rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bàhíà, nítorí pé àwọn Àgùdà kan náà tó kọ́lé sí Pópó Àgùdà ní Èkó ló mú iṣẹ́ ọnà yẹn ti Bùràsíìlì bọ̀. Yóò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, tí ń fi ọ̀rọ̀ Faransé ha èdè láàárín bí ọmọ Èkó ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì hà á. Bí ó bá yà sí òkè, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá wọ Tógò, àwọn tó ń pe ara wọn ní Ifẹ̀ wà ní Atakpamé. Ọmọ tó bá ti rí èyí kò tún lè gbà pé ní Sèmè ni Yorùbá parí sí.

Àtakò àti ìdáhùn

Àwọn òbí yóò ní owó dà. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n yóò ní ọ̀nà kò dára, pé àwọn tó dúró sí ibodè a máa béèrè owó tí òfin kò bèèrè, pé ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ sùn ní ilé àlejò. Kò yẹ kí olùkọ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyíkéyìí nínú wọn. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dá nìkan wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lomé. Ìyẹn yóò dúró títí yóò fi dàgbà. Ṣùgbọ́n ojú arìnrìn-àjò kì í dúró de ìwé ìrìnnà. Ó ṣeé kọ́ láti ìsinsìnyí.

Kí kíláàsì kan ti Ṣómólú rìn dé etí ọ̀sà ní Bàrígà, kí wọ́n wo àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn tó ń fi omi jẹun, kí wọ́n béèrè bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gbéra àti iye tí wọ́n ń gbà. Kí kíláàsì ti Bàrígà wọ àwọn òpópónà Ṣómólú níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń gé ìwé, bí wọ́n ṣe ń dì í, bí inki ṣe ń rùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n gba àṣẹ àwọn òbí, kí olùkọ́ ọkùnrin àti obìnrin kó wọn lọ sí Àgbádárìgì, kí wọ́n bẹ ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ fún yàrá méjì láti sùn gẹ́gẹ́ bí Schirrmann ti ṣe. Òfin mẹ́ta péré ni kí olùkọ́ fún wọn: kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n san.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jẹ́ ìyanu nípa Ṣómólú nìyí: àdúgbò tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà fún gbogbo Èkó kò ṣàìlè tẹ ìwé pélébé olójú ewé méjìlélọ́gbọ̀n fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá bá ṣe èyí fún ọdún márùn-ún, àádọ́ta ìwé ìrìn-àjò lédè Yorùbá ni yóò wà nílẹ̀. Wọn kò ní dára bákan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yóò dàgbà, yóò gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Accra tàbí Sarajevo, kò sì ní nílò olórin tí yóò bá a sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọmọ tó dé ibẹ̀ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ tirẹ̀ yóò tún wí bẹ́ẹ̀.